Ẹni Méjì Lórí Òkè Lanrigg

Ìjà ni Marian Dockray àti Neville Ashworth fi pàdé. Bí ẹnikẹ́ni ní abúlé Thornside bá sọ fún yín pé ẹ̀rín ni, irọ́ ló ń pa, kò sí níbẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni, nígbà tí ewé ń wọ́. Marian ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ láti òkè Lanrigg pẹ̀lú ajá rẹ̀, ó wá rí i tí àwọn àgùntàn bàbá rẹ̀ kóra jọ sẹ́nu géètì kan, tí wọ́n ń ké. Ṣíṣí ló fi géètì náà sílẹ̀ láàárọ̀ kí wọ́n lè rọ́nà dé odò. Ẹnìkan ti wá tì í. Ó wo ọ̀kánkán, ó rí ọkùnrin gíga kan tó wọ kóòtù òjò aláwọ̀ búlúù, tó ń gun òkè bọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò ṣẹ ọmọ aráyé.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ ti géètì yẹn?"

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́. "Èmi ni. Mo rí i pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ ní ṣíṣí. Ẹ má wulẹ̀ dúpẹ́."

"Ta ló fẹ́ dúpẹ́? Bí ẹ bá bá géètì ní ṣíṣí, ẹ fi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Bí ẹ bá bá a ní títì, ẹ tì í padà. Ṣé wọn kì í kọ́ọ̀yàn nílùú yín ni? Ẹ wo bí òùngbẹ ṣe ń gbẹ wọ́n, nítorí ìwà ọmọlúàbí tiyín."

Ojú ti ọkùnrin náà gan-an. Ó sáré sọ̀kalẹ̀, ó ṣí géètì, ó sì dì í mú bí àwọn àgùntàn ṣe ń kọjá. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá ṣe ń kọjá ló ń tẹrí ba fún un. "Ẹ má bínú, mà. Ẹ má bínú, mà."

Marian kò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ló fi ipá jáde.

"Ṣé abo ni gbogbo wọn?" ọkùnrin náà bèèrè.

"Abo ni."

"Mo dúpẹ́. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé mo ń pe bàbá ẹni kan ní mà."

Ilé ni Marian ń lọ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó yíjú padà. Ó ní òun rántí pé òun kò tíì wo àgùntàn kan lórí òkè. Kò sí àgùntàn kankan lórí òkè. Ajá rẹ̀ pàápàá mọ̀, ó kàn jókòó ti odi òkúta, ó ń wò ó.

Òkè Lanrigg kì í ṣe òkè tí àwọn èèyàn ń tìtorí rẹ̀ wọkọ̀ wá láti ọ̀nà jíjìn. Àwọn òkè ńlá wà lẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń gùn, tí wọ́n sì ń fi yangàn. Lanrigg ní tirẹ̀, ìyá arúgbó tó mú ọ̀pá lọ́wọ́ lè gùn ún kí tíì inú fúláàsì rẹ̀ tó tutù. Òkítì òkúta kékeré kan ló wà ní téńté rẹ̀, atẹ́gùn kì í sì í dáwọ́ dúró níbẹ̀. Ẹ̀yìn òkítì yìí ni wọ́n jókòó sí. Neville mú kéèkì oníèso jáde nínú àpò rẹ̀, ó gé wàràkàṣì lé e lórí, ó fún Marian ní ìdajì.

"Ẹni tó mọ̀ pé kéèkì ò pé láìsí wàràkàṣì," Marian wí, "a lè darí jì í lórí ọ̀rọ̀ géètì."

Neville ní awakọ̀ bọ́ọ̀sì lòun ní ìlú Preston. Òun ló tọ́jú ìyá òun títí tó fi kú, ọjọ́ orí òun sì ti lọ lórí ìtọ́jú náà láìgbéyàwó. Ojoojúmọ́ lòun ń gbé èèyàn lọ síbi tí wọ́n ń lọ. Ọjọ́rú nìkan lòun máa ń lọ síbi tó wu òun fúnra òun.

Ó wo òkè yíká. "Mi ò rí ọgbà kankan níbí. Kí ló ń dá àwọn àgùntàn yín dúró tí wọn kì í fi rìn lọ sí àfonífojì kejì?"

"Ìyá wọn."

"Báwo?"

"Ìyá ló ń kọ́ ọmọ ibi tí òkè tirẹ̀ parí sí. Ìyá ìyá ló kọ́ òun náà. Kò sẹ́ni tó mọ ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀. Bí èèyàn bá ta oko wa, ó gbọ́dọ̀ ta àwọn àgùntàn mọ́ ọn, torí àgùntàn tí a bá rà láti ibòmíràn, kò ní dúró. Ojoojúmọ́ lá máa sá lọ."

Neville gbójú sí àfonífojì. "Ó dáa kéèyàn ní ibi tó mọ̀ pé tòun ni," ó wí. "Èmi ò ní irú ẹ̀ rí."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ Marian lọ́kàn. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, kì í ṣe ọmọdé, ó sì mọ ohun tó ń ṣe òun.

Láti ọjọ́ náà, gbogbo Ọjọ́rú ni Neville ń wá. Wọ́n á gun òkè, wọ́n á jẹ kéèkì, wọ́n á sọ̀kalẹ̀. "Ẹ" tí wọ́n ń pe ara wọn di "o", "o" náà di "ìfẹ́ mi". Kò pẹ́ tí gbogbo Thornside fi mọ̀. Edna tó ni ṣọ́ọ̀bù ló kọ́kọ́ dá ẹjọ́.

"Ọmọ ìlú ńlá ni," Edna wí. "Ẹ jẹ́ kí yìnyín àkọ́kọ́ já. Ẹ ó rí i pé bọ́ọ̀sì rẹ̀ ò ní mọ ọ̀nà ibí mọ́."

Ọ̀rọ̀ Edna ò dun Marian. Ti bàbá rẹ̀ ló ń bà á lẹ́rù. Wilfred Dockray kò ní ìyàwó mọ́, Marian sì lọmọ kan ṣoṣo tó bí. Bàbá bàbá rẹ̀ ló fi oko náà lé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́, tòun ti agbo àgùntàn orí Lanrigg. Ẹni tí Marian bá fẹ́ ni yóò gba agbo náà, gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ tí Neville kọ́kọ́ jókòó sídìí tábìlì wọn, Wilfred jẹ ọbẹ̀ ẹran rẹ̀ tán kó tó gbójú sókè.

"Awakọ̀ bọ́ọ̀sì," ó wí níkẹyìn. "Kí ni awakọ̀ bọ́ọ̀sì mọ̀ nípa àgùntàn?"

"Mo mọ̀ díẹ̀, sà. Àwọn èrò ọkọ̀ mi náà, bí ẹnìkan bá ti dìde, gbogbo wọn á dìde tẹ̀lé e, bí kò tilẹ̀ jẹ́ ibi tí wọ́n ń lọ nìyẹn."

Wilfred wúkọ́. Marian tó mọ bàbá rẹ̀ mọ̀ pé kì í ṣe ikọ́, ẹ̀rín ni.

Yìnyín dé nínú oṣù kìíní. Bọ́ọ̀sì kò lè wọ àfonífojì mọ́, ṣùgbọ́n Neville wá. Ẹsẹ̀ ló fi rìn láti ojú ọ̀nà ńlá. Àgùntàn mélòó kan ti há sábẹ́ yìnyín lẹ́bàá odi òkúta, òun àti Wilfred sì fi ṣọ́bìrì wà wọ́n jáde lọ́kọ̀ọ̀kan títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Nígbà tí wọ́n wọlé, ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde lọ́wọ́ Neville.

"Ọwọ́ rẹ rọ̀ bíi bọ́tà," Wilfred wí fún un. "Ṣùgbọ́n o ò sá." Ó mu tíì rẹ̀. "Kò sẹ́ni tó ń gbéyàwó nígbà tí àgùntàn ń bímọ. Ẹ ní sùúrù di oṣù kẹfà."

Báyìí ló ṣe fi ọmọ rẹ̀ fún ọkọ. Inú Marian dùn débi pé ó jáde lọ bá ajá nínú yìnyín, ó lọ sunkún ayọ̀ sí i lọ́rùn.

Kò tíì ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí àrùn ẹsẹ̀ àti ẹnu fi dé.

Kì í pa èèyàn. Ẹran ló ń mú. Ṣùgbọ́n bí àgùntàn kan bá ní in, gbogbo agbo ni ìjọba máa pa, àwọn ti aládùúgbò náà sì lè bá a lọ. Àrùn tó lè bá bàtà rìn ni, tó lè bá táyà ọkọ̀ rìn, tó tilẹ̀ lè bá atẹ́gùn rìn. Ìjọba ti gbogbo ọ̀nà ẹsẹ̀, wọ́n ta okùn pupa àti funfun dí ojú ọ̀nà orí òkè. Àwọn àgbẹ̀ tẹ́ koríko gbígbẹ sẹ́nu géètì, wọ́n da oògùn apakòkòrò sí i. Ìsìn ọjọ́ Ìsinmi pàápàá dáwọ́ dúró.

"Kò sẹ́ni tó ń wọlé, kò sẹ́ni tó ń jáde," Wilfred wí. "Sọ fún Neville. Kó má fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wa títí yóò fi kọjá. Bí agbo yìí bá lọ, kò sí ibi tá a ti lè ra òmíràn tó mọ Lanrigg."

Marian sọ fún un. Neville ní òun gbọ́. Ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ ló ń pè é lórí tẹlifóònù.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun. Ìwọ ńkọ́?"

"Mo wa bọ́ọ̀sì, mo jẹ búrẹ́dì, mo ronú nípa rẹ. Bí mo ṣe lo ọjọ́ mi nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Àgùntàn ti bẹ̀rẹ̀ sí í bímọ, Marian àti bàbá rẹ̀ kì í sùn dáadáa mọ́. Lójoojúmọ́ ni èéfín ń rú láti àfonífojì mìíràn, níbi tí wọ́n ti ń sun òkú ẹran. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, àárẹ̀ àti ẹ̀rù pa pọ̀ mọ́ Marian.

"Wá," ó wí lórí tẹlifóònù. "Wá sórí Lanrigg lọ́la. Kò sí àgùntàn kankan lókè, a ti kó gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀. Gba ẹ̀yìn òkè, níbi tí kò sí oko."

"Marian, òfin ńkọ́?"

"Ìfẹ́ ni àkójá òfin. Inú Bíbélì ló wà."

"Kì í ṣe irú òfin yìí ni Pọ́ọ̀lù ń sọ."

"Neville, mi ò rántí ojú rẹ mọ́. Bí mo bá dìde láàárọ̀, tí mo wá ojú rẹ nínú ọkàn mi, mi ò rí i. Jọ̀ọ́, ìfẹ́ mi."

Bó ṣe wá nìyẹn. Marian ló pè é. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ bẹ́ẹ̀, torí òun fúnra rẹ̀ kò gbàgbé rẹ̀ rí.

Ó fi bàbá rẹ̀ sílẹ̀ lójú oorun lórí àga, ó gun òkè. Neville ti dé síbẹ̀ ṣáájú rẹ̀. Ó gbé gálọ́ọ̀nù oògùn apakòkòrò lọ́wọ́. Ó ti fọ bàtà rẹ̀ nísàlẹ̀, ó tún ń fọ̀ ọ́ lókè. Òórùn oògùn náà gba orí òkè kan.

"O ń rùn bíi ilé ìwòsàn," Marian wí.

"Ilé ìwòsàn náà ló wá wò ọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n dì mọ́ra wọn, ẹ̀rín náà sì di ẹkún lẹ́nu Marian. Wọn ò ṣe ju pé wọ́n jókòó lọ. Neville ń fi ọwọ́ méjèèjì gbá ọwọ́ rẹ̀ kó lè gbóná.

"Oṣù kẹfà ò jìnnà mọ́," ó ń sọ fún un. "Aya mi, oṣù kẹfà ò jìnnà mọ́."

Nígbà tí Marian délé, bàbá rẹ̀ ṣì wà lórí àga, ó káwọ́ sáyà, ojú rẹ̀ pa dé.

Kò pẹ́ sí i tí abo àgùntàn kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í tiro. Wilfred là á lẹ́nu, ó rí egbò níbẹ̀. Ó rọra gbé e sílẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn ilé ẹran dé, ó sì lọ síbi tẹlifóònù. Àwọn dókítà ẹran dé, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba dé. Wọ́n pa gbogbo agbo, tìyá tọmọ, títí kan àwọn ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n dìde. Ìwọ̀nba wákàtí díẹ̀ ló gbà. Oko méjì mìíràn nínú àfonífojì kan náà bá a lọ lọ́sẹ̀ yẹn.

"Ó lè jẹ́ atẹ́gùn," dókítà ẹran wí fún wọn. "Ó lè jẹ́ ọkọ̀ tó gbé oúnjẹ ẹran wá. Ó lè jẹ́ ẹyẹ. A ò ní mọ̀ láéláé. Ẹ má wá ẹni tẹ́ ẹ máa dá lẹ́bi."

Ọkàn Marian ti rí ẹni tó máa dá lẹ́bi ní tirẹ̀, òun fúnra rẹ̀ sì ni. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Láràárọ̀, Wilfred á jí, á wọ bàtà, á rántí pé kò sí ibi tí òun ń lọ, á tún bọ́ bàtà. Lọ́jọ́ kan nídìí oúnjẹ àárọ̀, ó ṣàdédé sọ̀rọ̀.

"Neville yẹn," ó wí, "ọmọ gidi ni. Mo ní kó má fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wa, kò sì fẹsẹ̀ kàn án. Ẹlòmíràn ò ní gbọ́. Ẹ lọ ṣe ìgbéyàwó yín. Mi ò ní agbo tí mo máa fún un mọ́, àmọ́ mo fún un níwọ, tọkàntọkàn."

Marian di ife tíì rẹ̀ mú gírígírí. Ká ní bàbá rẹ̀ kọ̀ ni, ì bá bá a jà, ì bá kó ẹrù rẹ̀ tẹ̀lé ọkọ. Ó ti múra ìjà sílẹ̀ láti ìgbà pípẹ́. Ìbùkún ni kò múra sílẹ̀ fún, pàápàá ìbùkún tí irọ́ tòun wà nínú rẹ̀.

"Ẹ ṣé, Bàbá," nìkan ló lè sọ.

Oṣù kẹfà kọjá lọ láìsí ìgbéyàwó. Nígbà tí ìjọba ṣí ọ̀nà, Neville wá. Wọ́n jọ gun Lanrigg. Kò sí ẹran tó ń jẹ koríko, koríko náà ti ga dé orúnkún wọn, òdòdó tí ẹnikẹ́ni kò rí lórí òkè náà rí ti tanná síbi gbogbo. Ó lẹ́wà, ẹwà náà sì ń dun Marian.

"Jẹ́ ká lọ sọ fún un," Neville wí. "Àwa méjèèjì. Bó fẹ́, kó lù mí."

"Rárá. Ohun kan ṣoṣo tó kù tó fi ń sùn ni pé ó dá a lójú pé kì í ṣe inú ilé wa ló ti wá. Bí mo bá gba ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀, kí ló kù?"

"Marian, mo fọ bàtà yẹn. Mo fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì."

"Mo mọ̀. Mo rí ọ."

"Ṣé o gbà pé èmi ni?"

"Mi ò gbà." Ó yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Àmọ́ wàá máa wọlé wa lójoojúmọ́. Wàá máa bọ́ bàtà rẹ sẹ́nu ọ̀nà. Bàbá á máa pè ọ́ ní ọmọ gidi, èmi á máa bu ọbẹ̀ fún ẹ̀yin méjèèjì. Mi ò lè ṣe é, Neville. Mo ti gbìyànjú rẹ̀ nínú ọkàn mi, mi ò lè ṣe é."

"Jẹ́ ká lọ sí Preston nígbà náà. Kò sẹ́ni tó mọ̀ wá níbẹ̀."

"Kí n fi òun nìkan sílẹ̀ pẹ̀lú oko tó ṣófo?"

Neville sún mọ́ ọn. Ó mú ọwọ́ rẹ̀, ó fi sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. "Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n sọ lọ," ó wí.

"Mo mọ̀, ìfẹ́ mi. Máa lọ. Bọ́ọ̀sì rẹ ò ní pẹ́ dé."

Ó sọ̀kalẹ̀. Marian kò sunkún títí kóòtù búlúù náà fi wọ abẹ́ igi lọ. Ìgbà náà ló wá jókòó sínú koríko, tó ké débi pé ajá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ké pẹ̀lú rẹ̀.

Ó sọ fún Wilfred pé ọ̀rọ̀ òun àti Neville ò wọ̀ mọ́. Wilfred wò ó, kò bèèrè ohunkóhun.

Ní ọdún kejì wọ́n ra agbo àgùntàn mìíràn. Wọn ò mọ Lanrigg. Láàárọ̀, lọ́sàn-án, Marian àti ajá rẹ̀ ní láti gòkè lọ dá wọn padà láti ilẹ̀ onílẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni, kí àwọn ìyá tó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n tó lè kọ́ ọmọ wọn. Wilfred kò lè gun òkè mọ́. Orúnkún ń dùn ún, ó máa ń jókòó sórí òkúta níwájú ilé, á máa júwe pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀.

Ibẹ̀ ló jókòó sí lọ́sàn-án ọjọ́ tí Edna kọjá, tó sì dúró láti kí wọn. Edna kì í gbé ìròyìn sùn.

"Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ìjọ́sí ti gbéyàwó o," ó wí. "Obìnrin kan ní Preston tó ní ọmọ méjì. Wọ́n ní inú rẹ̀ dùn."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," Marian wí. "Ọlọ́run á dúró tì wọ́n."

Edna lọ. Marian ń so okùn bàtà rẹ̀ tó ti wà ní síso tẹ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ wò ó, ó wò ó.

"Mo rí yín," Wilfred wí.

"Ẹ rí ta ni, Bàbá?"

"Ìwọ àti òun, lórí òkè, nígbà tí wọ́n ti ọ̀nà pa. O rò pé mo ń sùn. Mo jáde lọ wo abo kan tó ń rọbí, mo gbójú sókè, mo rí ẹni méjì."

Marian dìde dúró.

"Ẹ mọ̀. Nígbà tí ẹ ní ọmọ gidi ni, pé kò fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wa, ẹ mọ̀?"

"Mo mọ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀ kí o lè sọ ẹrù náà kalẹ̀. Mo ní bí o bá ti rí i pé ọkàn mi mọ́ sí ọkùnrin yẹn, wàá fẹ́ ẹ, ayé yín á dáa." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ ha ilẹ̀. "Ó lè jẹ́ òun ló gbé e wá. Ó lè jẹ́ atẹ́gùn. Mo rò ó títí, mi ò mọ̀. Àmọ́ àgùntàn ni wọ́n, Marian. Ìwọ lọmọ mi."

"Nítorí yín ni mo ṣe fi í sílẹ̀."

"Nítorí mi?" Ohùn bàbá arúgbó náà já. "Èmi rò pé ìfẹ́ rẹ̀ ló tán lọ́kàn rẹ."

"Kò tán. Kò tíì tán." Omijé ti ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò sọ pé ẹ rí wa?"

Wilfred gbójú sókè wò ó.

"Ìwọ náà ò sọ," ó wí.

Marian gbójú sí òkè. Lókè lọ́hùn-ún, àwọn àgùntàn tuntun ti ń yà lọ sí òdìkejì. Ó gbé ọwọ́ lé èjìká bàbá rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó súfèé pe ajá, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè lọ láti dá wọn padà.